Ta Ló Pààrọ̀ Híńjì Ilẹ̀kùn?

Àga ọmọ-ọmọ mi há sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn, gbogbo ìgbìmọ̀ sì dúró, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo ọkọ̀ tó rì sẹ́rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, àbọ̀ ló gbọ́. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ni mò ń wí, èyí tí mò ń pè ní Akọ̀wé, torí láti kékeré rẹ̀ kò sí ògiri tí kò kọ nǹkan sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e, àga onítáyà ló fi ń rìn. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ń gbé e dáadáa, ẹ máa gbọ́ níwájú. Iṣẹ́ gbé ìyá rẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn, èmi àti ẹ̀ la jọ ń gbé. Èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n wọ kíláàsì láràárọ̀, títí ẹ̀yìn mi fi sọ fún mi pé òun ò ṣe mọ́.

Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí gbogbo ilé-ìwé ìjọba lágbègbè wa ló wá sọ pé àwọn fẹ́ tún àwọn ilé-ìwé ṣe, kí ọmọ tó wà lórí àga, àti ọmọ tó ń fọ̀pá rìn, lè máa wọlé fúnra wọn. Owó ọwọ́ wọn ò tó kọ́ ilé tuntun. Ni aṣètò wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ mú bí abẹ, bá ní kí wọ́n má wó nǹkan kan. Kí wọ́n da kọnkéré gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, kí wọ́n de irin ìdìmú mọ́ ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ híńjì àwọn ilẹ̀kùn. Híńjì, irin pẹlẹbẹ tó so ilẹ̀kùn mọ́ férémù yẹn. Èyí tí gbogbo wa mọ̀, tẹ́ ẹ bá ṣílẹ̀kùn tán, ara ilẹ̀kùn ṣì máa yọ sẹ́nu ọ̀nà, á jẹ nínú àyè. Àmọ́ híńjì kan wà tí ọrùn rẹ̀ wọ́. Tí wọ́n bá fi ìyẹn de ilẹ̀kùn, tẹ́ ẹ ṣí i, á gbé ilẹ̀kùn kúrò lọ́nà pátápátá. Àyè tó máa fi kún un ò ju ìbú ìka méjì lọ. Ìka méjì ọ̀hún náà sì ni àga Akọ̀wé ń wá kiri.

Ilé-ìwé tiwa ni wọ́n fi dán an wò. Tó bá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, wọ́n á ṣe é káàkiri. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ètò kú nìyẹn, wọ́n á sì gbé Akọ̀wé lọ sílé-ìwé kan tó jìnnà, tí àwọn ọmọ ń sùn síbẹ̀, tó jẹ́ ìgbà ìsinmi ni màá tó máa fojú kàn án. Mo ti gbó. Mi ò mọ iye ìsinmi tó kù fún mi.

Ohun tó wá mú orí mi gbóná ni pé lánàá, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, a ti dán ilẹ̀kùn yìí wò. Akọ̀wé wọlé, ó jáde, ó tún wọlé pẹ̀lú ijó. Ilẹ̀ mọ́, ìgbìmọ̀ dé, ó há.

"Ẹ ò rí i," Kọ́ńgílá ló sọ bẹ́ẹ̀, agbaṣẹ́ṣe tó máa ń kọ́lé fún ìjọba, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ dé ìpàdé kóun fúnra rẹ̀ tó dé. "Ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú, ìyà ló ń bí. Ẹ wó o, ká kọ́ tuntun."

Ọ̀gá Àgbà ilé-ìwé mi orí. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń gbó kó tó dọ̀tí. Ó ní, "Ó dùn mí o. Àmọ́ ojú gbogbo wa ló ṣe. Bóyá káfíńtà ló ti ta híńjì olówó gọbọi, tó wá fi yẹpẹrẹ rọ́pò."

Káfíńtà dáhùn pé, "Èmi? Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ má ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ o."

Alága ìgbìmọ̀, màmá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wo aago. Ó ní, "À ń lọ wo ilé-ìwé kejì. Tá a bá jẹun ọ̀sán tán, a máa padà wá síbí ká dìbò. Bí mo ṣe bá ilẹ̀kùn yìí ni màá ṣe dìbò."

Wọ́n lọ. Mo fa àga Akọ̀wé yọ. Ó ń fọwọ́ ra ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Bàbá àgbà."

"Ìyá mi."

"Ilẹ̀kùn yẹn gbá mi nígbọ̀nwọ́. Lánàá kò sí níbẹ̀."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ìgbọ̀nwọ́ mi ni. Ṣé ti aládùúgbò ni?"

Ni mo bá fa fóònù yọ, mo pe ọ̀gá mi àtijọ́.

Mo gbàgbé láti sọ fún yín pé dírẹ́bà ọlọ́pàá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan ni mò ń wà kiri. Ìyá Sùúrù la máa ń pè é ní tèṣọ̀n. Yẹ̀yẹ́ ni o, torí obìnrin yẹn ò ní sùúrù tó lè dúró ti omi títí á fi hó. Àmọ́ tó bá wo nǹkan lẹ́ẹ̀kan, nǹkan ọ̀hún ti jẹ́wọ́ fún un.

Alùpùpù ló gbé e dé. Kò kí mi tán tó fi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ ti rù."

"Ẹ̀yin náà ti sanra."

"Ẹ dákẹ́, ẹ ò wa ọkọ̀ mi mọ́, mo lè lé yín dànù báyìí." Ó fi ìka tọ́ híńjì. "Èyí ò lọ́rùn. Pẹlẹbẹ lásán ni. Káfíńtà, súnmọ́ mi. Ṣé ìwọ lo de eléyìí?"

"Rárá, mà. Tọlọ́rùn wíwọ́ ni mo dè. Aṣètò dúró tì mí títí mo fi ṣe é tán."

Aṣètò ní òótọ́ ni. Ojú ọmọ náà ti pọ́n, ó ti sunkún níbì kan. Ó ní òun lòun ṣílẹ̀kùn náà kẹ́yìn lánàá, ó sì yí kúrò lọ́nà dáadáa.

"Nígbà tó o ṣí i kẹ́yìn yẹn, Kọ́ńgílá ńkọ́?"

"Ó ti lọ, mà. Ó wá pẹ̀lú téèpù, ó wọn gbogbo ilé bí ẹni fẹ́ rà á. Ọkọ̀ rẹ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́, àwọn olùkọ́ ló bá a tì í dé títì."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín sí i."

Mo fa Ìyá Sùúrù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní, "Ọ̀gá, Kọ́ńgílá ni. Ta ló tún máa jèrè rẹ̀? Ó rán ènìyàn padà wá ni."

"Bàbá, ẹ máa ń tètè dájọ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń gba àárín òpópó." Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ wá wo nǹkan. Ẹni tí wọ́n bá rán ní iṣẹ́ ibi, báwo ló ṣe máa ń ṣe é?"

"Wàràwàrà."

"Ó dáa. Ẹ fọwọ́ ra ara férémù yìí. Ṣé ẹ rí ibi tí irin ti ha pákó?"

Mo fọwọ́ ra á. Kò sí. Ó mọ́ bí ojú àwo.

"Ẹ wo ìlà funfun tó wà létí híńjì."

"Ṣọ́ọ̀kì ni."

"Káfíńtà, kí lo fi ń sàmì sára pákó?"

Káfíńtà yọ pẹ́ńsùlù létí rẹ̀, ó gbé e sókè.

"Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí," Ìyá Sùúrù ní, "kò kórìíra ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá kórìíra nǹkan, á bà á jẹ́. Eléyìí tọ́jú ẹ̀ ni. Ó dùn ún láti ṣe é, síbẹ̀ kò lè ṣe é nídọ̀tí."

Mo ní kí ló dé tí ẹni tó fẹ́ràn ilẹ̀kùn á fi ṣe irú èyí. Ó ní ìyẹn gan-an ni òun wá bi wá.

Ó lọ síbi ilẹ̀kùn kíláàsì kejì, èyí tí káfíńtà dè tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Ó wo ibẹ̀. Ó padà wá wo ti ibi tí mo wà. Ó tún lọ. Mo rò pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú, bí àwa àgbà. Nígbà tó padà dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì mọ ẹ̀rín yẹn. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn, ọkùnrin kan lọ sẹ́wọ̀n.

"Bàbá, sikúrù ní ilà lórí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ilà tí wọ́n ń ki sikurudíráfà bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ti káfíńtà, ilà kan kọjú síbí, ìkejì kọjú sọ́hùn-ún, bí àwọn ọmọ ilé-ìwé lákòókò eré. Ẹ wá wo ti ibí."

Mo wò ó. Gbogbo ilà sikúrù tó wà lára híńjì yẹn ló dúró gbọingbọin, wọ́n nàró, wọ́n kọjú sókè bí ọmọ tó tò lórí ìlà láàárọ̀.

"Kò sí bó ṣe kọjú tí kò ní mú ilẹ̀kùn dúró," ó ní. "Ẹni tó ṣe èyí ò ṣe é torí ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ló ti kọ́ ọwọ́ yẹn, ọwọ́ yẹn náà ti kọ́ ẹlòmíì."

Akọ̀wé ní, "Ẹ jẹ́ ká máa wo gbogbo sikúrù tó wà nílé-ìwé."

"Kò sáyè, ọmọ mi. Ìgbìmọ̀ ti ń bọ̀. Àwọn sikúrù ò ní wá bá wa, ká jẹ́ káwọn ọwọ́ wá."

Ó lọ sọ́ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà. Mo tẹ̀lé e, torí bí ẹ bá lé mi, màá ṣì tẹ̀lé e.

"Ọ̀gá Àgbà, ẹ kúùṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ kíláàsì, ọwọ́ ta ló máa ń wà?"

"Orí ìṣó ló wà nínú yàrá àwọn olùkọ́. Ẹnikẹ́ni lè mú un." Ó ń to ìwé tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀. "Ṣé ẹ ti mú káfíńtà?"

"A ṣì ń bá a sọ̀rọ̀."

"Ẹ mú un le. Àwọn ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́ ìsinsìnyí, wọn ò ní ìfẹ́ iṣẹ́."

"Ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́, sà?"

Ojú rẹ̀ tàn bí iná. "Kí n tó di ọ̀gá, iṣẹ́ pákó ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Títí wọ́n fi ní àwọn ò fi sínú ẹ̀kọ́ mọ́."

"Ó mà ṣe o," Ìyá Sùúrù dáhùn, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Kò bi í ní nǹkan míì.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ padà dé, ó ti gbé tábìlì ògbólógbòó kan síwájú kíláàsì, ó to pákó lé e, ó fi híńjì kan síwájú pákó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sikúrù.

Alága béèrè pé, "Kí lèyí?"

"Màmá, ọlọ́pàá ni mí, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn mẹ́ta ràn mí lọ́wọ́. Káfíńtà nìyẹn. Kọ́ńgílá, ẹ wá."

"Èmi?" Kọ́ńgílá rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló máa ń di nǹkan mú."

"Ẹ bá wa ṣeré ni. Ọ̀gá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ olùkọ́ wọn."

Ó lọ́ra díẹ̀. Àmọ́ gbogbo àwọn olùkọ́ rẹ̀ ló ń wò ó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè.

Kọ́ńgílá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Sikúrù àkọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí sábẹ́ tábìlì. Ìkejì wọlé bí eyín àgbàlagbà, ó wọ́. Akọ̀wé ní, "Ẹ ò kúkú sọ irọ́, sà, ẹ ò mọ̀ ọ́n." Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó nu òógùn. Káfíńtà ṣe tirẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó sọ sikurudíráfà sílẹ̀, ó tún fi pẹ́ńsùlù sétí.

Ọ̀gá Àgbà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó sún híńjì bọ́ síbi tó yẹ. Ó tọwọ́ bọ àpò, ó yọ ẹ̀là ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà yí i ká. Mo wo Ìyá Sùúrù, kò wò mí. Ó de sikúrù kan, ó de èkejì, ó de gbogbo rẹ̀ tán. Ó gbé sikurudíráfà sílẹ̀. Ó wo iṣẹ́ rẹ̀.

Ó tún gbé e. Ó yí sikúrù kan padà díẹ̀, bí ẹni ń tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ ṣe. Ó yí èkejì. Gbogbo ilà wọn nàró.



"Màmá," Ìyá Sùúrù ní, "ẹ wo pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kẹ́ ẹ wá wo ilẹ̀kùn."

Alága bẹ̀rẹ̀ tòun tàṣọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ tọ́ ìlà ṣọ́ọ̀kì. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ọ̀gá Àgbà ṣì mú sikurudíráfà dání, ó ń wò ó bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀kì kún ilé-ìwé," ó ní.

"Ó kún un, sà."

"Ẹlòmíì lè to sikúrù bẹ́ẹ̀."

"Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ju híńjì ọlọ́rùn wíwọ́ dànù, mi ò ní ẹ̀rí. Àmọ́ mo gbà pé ẹ ò lè ju nǹkan dáadáa dànù. Wọ́n wà níbì kan, ẹ tiẹ̀ ti fi epo pa wọ́n kí wọ́n má baà dípẹtà."

Ọkùnrin yẹn jókòó sórí tábìlì. Mo fẹ́ bínú sí i, mo ti ń múra rẹ̀ láti àárọ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ ò jẹ́.

"Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi," ó ní. "Nínú aṣọ ìnujú. Mo fi epo pa wọ́n lóòótọ́."

"Kí ló dé, sà?" Aṣètò ló béèrè.

"Kọ́ńgílá sọ fún mi pé tí ètò yín bá kùnà, ìjọba ò ní rí ọ̀nà míì ju kí wọ́n wó o, kí wọ́n kọ́ ilé alájà. Yàrá iṣẹ́ pákó á wà níbẹ̀. Kò rán mi níṣẹ́ o, èmi ni mo rán ara mi. Láti ọjọ́ tí mo ti di olùkọ́ ni wọ́n ti ń lẹ ilé-ìwé yìí mọ́ra bí aṣọ ògbólógbòó. Mo ní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àwọn ọmọ yìí rí tuntun."

Kọ́ńgílá ti ń wá ibi tí bàtà rẹ̀ máa gbà lọ. Alága fi ojú dá a dúró.

Akọ̀wé ló ti àga rẹ̀ síwájú. Ó ní, "Ọ̀gá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan."

"Béèrè, ọmọ mi."

"Ilé alájà yẹn, ta ló máa gbé mi gòkè?"

Ọ̀gá Àgbà gbé sikurudíráfà sílẹ̀. Ó bo ojú. Nígbà tó yọwọ́, omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Mi ò rò ó débẹ̀. Mo wà pẹ̀lú rẹ lójoojúmọ́, mi ò rò ó débẹ̀."

"Ẹ má sunkún, sà. Ẹ lọ mú híńjì wá, ebi ń pa ìgbìmọ̀."

"A ti jẹun," Alága ní.

"Ẹ̀ẹ́n, èmi ni ebi ń pa."

Ẹ̀rín bú. Ọ̀gá Àgbà lọ gbé híńjì wá, wọ́n ń dán yinrin. Káfíńtà di ilẹ̀kùn mú, Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ ló tú tàtijọ́ tó sì de tuntun, àwọn méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀, títí káfíńtà fi ní, "Sà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń mú wọn nàró?"

"Kí eruku lè máa jábọ́ nínú wọn."

"Háà. Ó dáa o." Ó sì gba sikurudíráfà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí èyí tó kù nàró.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ó yí kúrò lọ́nà bí ìránṣẹ́ tó rí ọba. Mo di ẹ̀yìn àga Akọ̀wé mú láti tì í.

"Bàbá àgbà, ẹ fi sílẹ̀."

Mo fi sílẹ̀. Ọwọ́ mi ò mọ ibi tó máa lọ, mo fi bọ àpò. Ó yí táyà, ó gun kọnkéré gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó kọjá. Kò kan ohunkóhun. Ó kọjá bí omi. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú kíláàsì ń lu tábìlì, àwọn olùkọ́ ń pariwo, Aṣètò gbá mi mọ́ra bíi pé èmi ni mo bí i.

Alága kò tiẹ̀ jókòó kó tó ní kí wọ́n dìbò. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Gbogbo ilé-ìwé ìjọba àgbègbè wa, gbogbo ilẹ̀kùn wọn. Ó ní Kọ́ńgílá á da kọnkéré rẹ̀ níye tí Aṣètò bá sọ, tí kò bá fẹ́, ẹlòmíì wà. Kọ́ńgílá ní òun fẹ́, kíákíá ló sọ ọ́.

Ó wá kọjú sí Ọ̀gá Àgbà. "Àwọn ọlọ́pàá lè gbé ọ̀rọ̀ yín lọ síwájú. Àbí ẹ gbà pé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ yín, ẹ ó bá káfíńtà lọ sílé-ìwé kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ de híńjì wọn, kẹ́ ẹ sì mú àwọn ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà dání?"

Ọkùnrin yẹn wo Ìyá Sùúrù.

Ìyá Sùúrù ní, "Ẹ má wò mí. Mo ti sọ fún Bàbá pé mi ò sí níbi iṣẹ́ lónìí."

Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Àmọ́ mo mi orí bí ẹlẹ́rìí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà tẹrí ba, ó ní òun gbà, ó sì dúpẹ́ títí Alága fi ní ó tó.

Gbogbo wa ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà, à ń kí ara wa kú oríire, à ń fi fóònù ya àwòrán ilẹ̀kùn, Kọ́ńgílá náà ti wá ń ṣàlàyé híńjì fáwọn ènìyàn bíi pé òun ló ṣe é, nígbà tí Akọ̀wé yí àga rẹ̀ padà látinú kíláàsì.

"Ẹ̀yin màmá, ẹ̀yin bàbá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. A fẹ́ kàwé."

Ó na ọwọ́, ó di ilẹ̀kùn mú, ó fúnra rẹ̀ tì í mọ́ gbogbo wa lójú.